Argon wúwo ju potassium lọ, kí ló dé tó fi ṣáájú rẹ̀ nínú periodic table?

Ìbéèrè

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí o. Mo ń bá àbúrò mi ka kẹ́místrì sílẹ̀ de ìdánwò. A ṣí periodic table, tábìlì tí wọ́n to gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì sí, mo sọ fún un pé láti orí èyí tó fúyẹ́ jù ni wọ́n ti tò wọ́n dé orí èyí tó wúwo jù. Ló bá fi ìka lé argon, 39.95. Ó tún fi lé potassium tó tẹ̀ lé e, 39.10. Ó ní, "Ṣé àwọn tó tò ó ò mọ nọ́mbà kà ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Kò tíì tán, ó ní chlorine jẹ́ 35.45, pé ibo ni ààbọ̀ prótọ́ọ̀nù ti wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n: kí ló ń pinnu ipò ẹ́límẹ́ǹtì nínú tábìlì yìí, ṣé ìwọ̀n ni àbí ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù? Ṣé òótọ́ ni àwòrán átọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé, tí ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ń pòyì yí àárín ká? Ṣé gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì 118 yìí sì ni ọmọ máa há sórí?

---

Àbúrò yín ló jàre. Kì í ṣe ìwọ̀n ni wọ́n fi tò ó, iye prótọ́ọ̀nù ni, ìyẹn ẹyọ bíńtín tó ní iná pọ́sítíìfù láàárín átọ́ọ̀mù. Argon ní 18, potassium ní 19, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ wo nọ́mbà odidi tó wà nínú àpótí ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kà á láti 1 dé 118: kò fo ibì kankan, kò sì yí padà níbì kankan. Nọ́mbà kejì, èyí tó ní pọ́ìntì nínú, ni ìwọ̀n. Òun ló ń ṣe ségesège.

Tẹ́ ẹ bá gbé ìbéèrè yìí sáàárín àwọn tó ti ṣe kẹ́místrì rí, ohùn mẹ́ta lẹ máa gbọ́. Àwọn kan á ní ìwọ̀n ni, pé ti argon yẹn, àwọn tó tẹ̀wé ló ṣe é sódì. Àwọn kan á ní ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ni. Àwọn tó kù á ní prótọ́ọ̀nù ni, àmọ́ ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á, wọ́n á ní bí tíṣà ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Àwọn tó rọ̀ mọ́ ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà, torí àwọn ló sún mọ́ òótọ́ jù, àwọn náà sì ni orí wọn le jù.

Ẹ mú sodium. Prótọ́ọ̀nù 11, ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù 11. Tó bá pàdé chlorine, á yọ̀ǹda ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù kan, á ku 10. Neon náà ní 10. Tó bá jẹ́ pé iye ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ló ń sọ ẹni tí ẹ́límẹ́ǹtì jẹ́, a jẹ́ pé neon ló kún inú iyọ̀ tá a fi ń se ọbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Sodium ni ṣì ni, torí prótọ́ọ̀nù rẹ̀ ò kúrò ní 11.

Ẹ wá mú ìwọ̀n. Carbon kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon-14: prótọ́ọ̀nù 6, nútrọ́ọ̀nù (ẹnì kejì prótọ́ọ̀nù láàárín átọ́ọ̀mù, tí kò ní iná) 8. Nitrogen tó wọ́pọ̀ jù ní prótọ́ọ̀nù 7, nútrọ́ọ̀nù 7. Àpapọ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 14. Ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba délẹ̀, síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ carbon, èkejì jẹ́ nitrogen. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé carbon-14 yìí kì í wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Nútrọ́ọ̀nù rẹ̀ kan á di prótọ́ọ̀nù, á ta ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù kan síta, ojú ẹsẹ̀ yẹn ló sì di nitrogen. Ìwọ̀n ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Prótọ́ọ̀nù kan péré ló lé, orúkọ sì yí.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ta ni ẹ́límẹ́ǹtì yìí, nọ́mbà wo ló sì máa gbà? Prótọ́ọ̀nù ló ń dáhùn ìyẹn. Báwo ló ṣe máa ń hùwà, òpó wo ló sì máa dúró sí? Ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù tó wà ní ìpele ìta pátápátá ló ń dáhùn ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìdajì àríyànjiyàn tó wà lórí tábìlì yìí á ti tú ká.

---

Ẹnì kan fèsì pé: "Mendeleev tó ṣe tábìlì yìí fúnra rẹ̀, ìwọ̀n ló fi tò ó. Ṣé ẹ gbọ́n jù ú lọ ni?"

Mi ò gbọ́n jù ú. Àmọ́ nígbà tí Dmitri Mendeleev gbé tábìlì rẹ̀ jáde ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1869, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé prótọ́ọ̀nù wà láyé. Ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù pàápàá, ọdún 1897 ni J. J. Thomson tó fi hàn pé ó wà. Ẹ́límẹ́ǹtì 63 ni wọ́n mọ̀ nígbà yẹn, ohun tí wọ́n sì lè fi wọ́n wéra ò ju ìwọ̀n àti ìwà lọ. Ó lo méjèèjì. Níbi tí méjèèjì bá ti tako ara wọn, ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé: tellurium (127.6) wúwo ju iodine (126.9) lọ, síbẹ̀ ó fi tellurium ṣáájú, kí iodine lè bọ́ sábẹ́ chlorine àti bromine tí ìwà wọn jọ. Ó ní àwọn tó wọn tellurium ni wọ́n wọ̀n ọ́n ṣì. Wọn ò wọ̀n ọ́n ṣì. Tellurium wúwo jù lóòótọ́. Àlàyé rẹ̀ ò tọ̀nà, ibi tó gbé e sí ló tọ̀nà. Torí náà, ẹni tó bá pe Mendeleev wá jẹ́rìí pé ìwọ̀n ló ń pinnu, kó múra sílẹ̀, ẹlẹ́rìí yẹn máa yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni yìí gbójú o. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ́límẹ́ǹtì tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí, ó sì kọ ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀. Àyè kan wà lábẹ́ aluminium; ó ní mẹ́táàlì tó máa bọ́ síbẹ̀ máa wọn nǹkan bíi gíráàmù 5.9 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan. Lọ́dún 1875, Lecoq de Boisbaudran rí i ní Faransé, ó pè é ní gallium, ó wọ̀n ọ́n, ó rí 4.7. Mendeleev tí kò fojú kan gallium rí kọ̀wé sí i pé kó lọ tún un wọ̀n. Ọkùnrin náà fọ̀ ọ́ mọ́ sí i, ó tún un wọ̀n, ó sì rí 5.9. Ọdún 1879 ni wọ́n rí scandium, ọdún 1886 ni wọ́n rí germanium, àwọn náà bọ́ sínú àyè tó fi sílẹ̀ fún wọn. Ó ní germanium máa wọn 72. Ó wọn 72.6.

Ẹni tó wá yanjú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ni Henry Moseley, ọ̀dọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì kan. Lọ́dún 1913, ó ń ta ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù lu ẹ́límẹ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo irú X-ray tó ń jáde lára wọn. Ó rí i pé tẹ́ ẹ bá mú gbòǹgbò onílọ́po méjì iye ìgbà tí X-ray náà ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣísẹ̀ kan náà ló máa ń fi ga sí i láti orí ẹ́límẹ́ǹtì kan bọ́ sórí èkejì. Ìwọ̀n kì í rìn létòlétò bẹ́ẹ̀ láé. Cobalt (58.93) wúwo ju nickel (58.69) lọ, àmọ́ X-ray fi cobalt ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ìwà wọn ṣe fi hàn. Nọ́mbà ipò tí gbogbo ayé ti ń kà bíi nọ́mbà àga lásán wá di ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀n: iye iná pọ́sítíìfù tó wà láàárín átọ́ọ̀mù. Ó tún jẹ́ kó hàn pé 43, 61 àti 75 ṣófo. Ọdún 1925 ni wọ́n rí 75, ọdún 1937 ni wọ́n rí 43, ọdún 1945 ni wọ́n rí 61. Moseley ò rí èyíkéyìí nínú wọn. Ogun Gallipoli pa á lọ́dún 1915, ọmọ ọdún 27 ni.

---

Mo gbàgbé kókó tó dùn jù nípa argon. Kì í ṣe pé ó kàn ṣèèṣì wúwo. Potassium gan-an ló sọ ọ́ di wúwo!

Oríṣi potassium kan wà, potassium-40. Kò pọ̀, kò tó ẹyọ kan nínú 8,000 átọ́ọ̀mù potassium, kì í sì í dúró bó ṣe wà. Ó máa ń gba ọdún bílíọ̀nù 1.25 kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á di calcium, nǹkan bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún á di argon-40. Látìgbà tí ilẹ̀ ayé ti wà ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ nínú àpáta, tí gáàsì náà ń yọ́ jáde bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí rèé tí ìdá 99.6 nínú ọgọ́rùn-ún argon tá à ń mí sínú fi jẹ́ argon-40. Nínú oòrùn, argon-36 ló pọ̀ jù. Ká ní inú oòrùn ni wọ́n ti wọn argon wá ni, kò ní wúwo tó potassium, àbúrò yín ì bá má sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀n tá a tẹ̀ sínú tábìlì, ìwọ̀n ti ilẹ̀ ayé níbí ni. Prótọ́ọ̀nù 18 ò ní ti ibí, kò ní ti ọ̀hún.

---

Lórí 35.45. Kò sí ààbọ̀ prótọ́ọ̀nù níbì kankan, kò sì sí átọ́ọ̀mù chlorine kan ṣoṣo tó wọn 35.45. Chlorine méjì ló wà nínú ayé: ọ̀kan ní nútrọ́ọ̀nù 18, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35, èkejì ní nútrọ́ọ̀nù 20, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 37. Áísótóòpù là ń pè wọ́n. Nínú 100 átọ́ọ̀mù chlorine, bíi 76 á jẹ́ ti àkọ́kọ́, bíi 24 á jẹ́ ti èkejì. Ẹ pín in káàkiri, 35 ààbọ̀ lẹ máa bá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní ìdílé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò kan ní ọmọ méjì ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá ààbọ̀ ọmọ náà lọ sílé ẹnì kankan.

Nútrọ́ọ̀nù ló fa gbogbo èyí, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ó wà: ọdún 1932 ni James Chadwick rí i. Kò ní iná kankan, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà, ohun tó mú kó pẹ́ kí wọ́n tó rí i nìyẹn.

---

Ó tó àkókò ká sọ̀rọ̀ àwòrán átọ́ọ̀mù. Ibí ni ìjà ti máa ń le.

Apá kan ní kí wọ́n yọ àwòrán tí ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ń pòyì yẹn kúrò nínú gbogbo ìwé, torí irọ́ ni. Apá kejì ní ọmọ tí ò bá rí àwòrán ò ní lóye ohunkóhun, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn.

Ibi tí àwòrán náà ti wá rèé. Lọ́dún 1909, Hans Geiger àti Ernest Marsden, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ernest Rutherford ní Manchester, ta ìtànṣán alpha (ẹyọ bíńtín tó ní iná pọ́sítíìfù) lu wúrà tí wọ́n lù pẹlẹbẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ gan-an. Èyí tó pọ̀ jù kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún máa ń ta padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ aṣọ́jú ni iṣẹ́ náà: inú òkùnkùn ni wọ́n máa ń jókòó sí títí ojú wọn á fi mọ́ra, kí wọ́n tó máa ka ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó ń tàn lójú gíláàsì ẹ̀rọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Rutherford rí fà yọ nínú rẹ̀ lọ́dún 1911 ni pé gbogbo iná pọ́sítíìfù átọ́ọ̀mù, àti ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwọ̀n rẹ̀, ló kó jọ sójú kan bíńtín láàárín. Núkílíọ́sì nìyẹn. Fífẹ̀ rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fífẹ̀ átọ́ọ̀mù. Prótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo wúwo tó nǹkan bí ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù 1,836.

Lọ́dún 1913, Niels Bohr, ará Denmark, to ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù sí ojú ọ̀nà róbótó yí i ká. Ìṣirò rẹ̀ bá àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí hydrogen ń yọ mu rẹ́gí. Tí wọ́n bá ti gbé e dé orí helium tó ní ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù méjì péré, kì í bá a mu mọ́. Láti ọdún 1926, pẹ̀lú iṣẹ́ Erwin Schrödinger, ohun tá a mọ̀ ni pé ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ò ní ojú ọ̀nà kankan tó ń tọ̀. Ohun tá a lè sọ ni ibi tó ṣeé ṣe ká ti bá a àti ibi tí kò ti dájú pé a máa bá a. Orbital ni wọ́n ń pe irú àgbègbè bẹ́ẹ̀, òmíràn rí róbótó, òmíràn rí bí nọ́mbà 8.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ rèé: òbìrí yẹn wà fún kíkà, kò wà fún wíwò. Tẹ́ ẹ bá ya sodium ní 2, 8, 1, òótọ́ ni pé ìpele agbára mẹ́ta ló wà àti pé ẹyọ kan ló wà lókè pátápátá. Ìyẹn tọ̀nà, ẹ lè fi jiyàn níbikíbi. Ẹ má kàn gbà pé ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ń sáré lórí òbìrí náà.

Nígbà tá a dé ibí, ẹnì kan ní: "Tí átọ́ọ̀mù bá ṣófo tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí mi ò jábọ́ gba inú àga kọjá?" Ìbéèrè gidi. Ọ̀rọ̀ "ṣófo" yẹn ni wọ́n ti sọ láṣejù. Ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù kì í ṣe ẹyọ bíńtín tó wà ní igun kan tó fi ibi tó kù sílẹ̀ lófìfo. Gbogbo àyè yẹn ló gbà. Ti ara yín àti ti àga máa ń ti ara wọn padà, àti pé láti ọdún 1925 tí Wolfgang Pauli ti gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù méjì ò lè wà ní ipò kan náà délẹ̀délẹ̀.

---

Òmíràn ní wọ́n kọ́ òun pé ìpele kìíní ń gba 2, ìkejì 8, ìkẹta 18. Ó wá ní kí ló dé tí potassium fi jẹ́ 2, 8, 8, 1, tí kì í ṣe 2, 8, 9.

Mo ti rí 2, 8, 9 yìí nínú ìwé ìdánwò tó pọ̀ kọjá kékeré, ọmọ tó bá sì kọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Òfin tí wọ́n fún un ló tẹ̀ lé dé òpin. Òfin náà ni kò pé. Ìpele kẹta lè gba 18 lóòótọ́, àmọ́ yàrá inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní s, p àti d, ò rí bákan náà. 3s àti 3p, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 8, wà nísàlẹ̀. 3d, tó ń gba 10, ga sókè. 4s ti ìpele kẹrin lè sún mọ́ núkílíọ́sì dáadáa, ní ti potassium àti calcium, agbára tó ń béèrè kéré sí ti 3d. Ibẹ̀ ni ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù ìkọkàndínlógún lọ.

Wọ́n á wá sọ òfin yẹn di ìlànà ẹ̀sìn: "4s ló máa ń kún kí 3d tó kún, láéláé." Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ irin. Irin ní 3d mẹ́fà àti 4s méjì. Tó bá máa yọ̀ǹda méjì, ti 4s ló ń yọ̀ǹda, kì í ṣe 3d tí wọ́n ní ó dé gbẹ̀yìn. Láti scandium lọ, 3d ti rẹlẹ̀ ju 4s. Bàbà náà kì í tẹ̀ lé wọn. 3d mẹ́wàá àti 4s ẹyọ kan ló ní. Chromium náà ń ṣe tirẹ̀. Fún ìdánwò, ẹ kọ́ òfin náà. Ẹ má kàn búra fún un.

---

Ẹ jẹ́ ká padà sórí híhá sórí. Àwọn kan ń fi orin kọ́ gbogbo 118, wọ́n á sì máa fi yangàn. Mo ti bá irú wọn pàdé: ó ka orúkọ dé oganesson láì kọsẹ̀, mo ní kó sọ fún mi, láàárín sodium àti chlorine, èwo ni átọ́ọ̀mù rẹ̀ tóbi jù. Ó ní chlorine, torí ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ jù. Sodium ló tóbi jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Orí ìpele kan náà ni ti àwọn méjèèjì wà, prótọ́ọ̀nù 17 sì ń fa ti chlorine mọ́ra ju bí 11 ṣe ń fa ti sodium lọ. Orin ò kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ẹ há 20 àkọ́kọ́ sórí, ẹ fi irin, bàbà, zinc, bromine, fàdákà, iodine, wúrà, mercury àti òjé kún un. Àwọn tí àmì wọn ò jọ orúkọ wọn ni kẹ́ ẹ fojú sí, Na, K, Fe, Cu, Ag, Au, Hg, Pb, torí orúkọ Látìn ni àmì wọn ti wá. Ó tó. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ibi tí nǹkan wà. Nọ́mbà ìlà ìbú ń sọ iye ìpele. Òpó ń sọ iye tó wà níta.

Kẹ́ ẹ rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ tọ òpó àkọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹ ju lithium sómi: á léfòó, á máa hó wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Sodium á yọ́ di róbótó, á máa sáré kiri lójú omi. Potassium, kó tó kan omi tán ló ti gbaná, iná rẹ̀ á ní àwọ̀ bí elésè àlùkò tó ṣì. Ẹyọ kan ni gbogbo wọn ní níta. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ẹyọ yẹn ń jìnnà sí núkílíọ́sì, ìpele inú sì ń dí i lójú, ló bá túbọ̀ ń rọrùn láti já gbà. Ẹni tó rí mẹ́ta yìí tó sì lóye ìdí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni há rubidium sí i lórí. Á ti mọ̀ pé kéèyàn sá sẹ́yìn.

---

Lórí hydrogen, ẹ má jẹ́ ká pa ara wa. Àwọn kan fẹ́ kó wà lórí lithium torí ẹyọ kan ló ní, àwọn kan fẹ́ kó wà lórí fluorine torí ẹyọ kan ló kù kó kún, ó sì ń gba ẹyọ yẹn lóòótọ́ tó bá pàdé sodium. Gáàsì ni, kì í ṣe mẹ́táàlì bí àwọn tó wà lábẹ́ lithium. Mo fọwọ́ sí i kó wà lókè níbẹ̀, ká sì gbà pé àlejò ni. Helium náà, ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù méjì níta bíi ti beryllium, àmọ́ àwọn tó fẹ́ fi í síbẹ̀ ò pọ̀, nítorí ìpele rẹ̀ ti kún, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni dọ́rẹ̀ẹ́.

Ìjà tó ṣì ń lọ láàárín àwọn àgbà ni ti òpó kẹta: ta ló yẹ kó wà lábẹ́ yttrium, lanthanum ni àbí lutetium? Ìgbìmọ̀ kan ní IUPAC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń bójú tó orúkọ àti ìlànà kẹ́místrì, gbé ìròyìn jáde lọ́dún 2021 tó fara mọ́ lutetium. Ọ̀pọ̀ tábìlì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì ṣì ní lanthanum. Ẹ má fi ìyẹn jẹ ọmọ níyà.

Wọ́n tún ní òpó kejìdínlógún, òpó àwọn gáàsì bíi neon àti argon, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀ rárá. Lọ́dún 1962, Neil Bartlett mú xenon, ó so ó pọ̀ mọ́ platinum àti fluorine, ọ̀rọ̀ "rárá" sì parí lọ́jọ́ náà.

---

Tí wọ́n bá bi ọmọ náà nínú ìdánwò pé kí ló dé tí argon fi ṣáájú potassium, kó kọ ọ́ báyìí: "Iye prótọ́ọ̀nù ni wọ́n fi to ẹ́límẹ́ǹtì, argon ní 18, potassium ní 19. Argon wúwo jù torí pé áísótóòpù rẹ̀ tó pọ̀ jù, argon-40, ní nútrọ́ọ̀nù 22, nígbà tí ti potassium tó pọ̀ jù, potassium-39, ní 20." Máàkì pé.

---

Ìbéèrè tó dé kẹ́yìn: "Ṣé 118 ni òpin?"

Kò sẹ́ni tó tíì fi òpin sí i. 113, 115, 117 àti 118 ló gba orúkọ kẹ́yìn, lọ́dún 2016. 119 ni wọ́n ń wá báyìí. Tí wọ́n bá rí i, òun ló máa bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹjọ, á sì bọ́ sábẹ́ francium. Ohun tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni pé á máa hùwà bí àwọn tó wà lókè rẹ̀. Tí prótọ́ọ̀nù bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù inú máa ń yára débi pé ìwà àwọn tó wà níta á yí. Ó ti hàn lára wúrà: pẹ̀lú prótọ́ọ̀nù 79, ẹlẹ́kítrọ́ọ̀nù inú pátápátá ń lọ ní ohun tó ju ìdajì ìyára ìmọ́lẹ̀, ara ohun tó sì jẹ́ kó pọ́n nìyẹn, dípò kó funfun bíi fàdákà tó wà lókè rẹ̀. Oganesson, 118, wà ní òpó àwọn gáàsì, ìṣirò sì ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó le gbagidi. Àwọn tó ṣe é ò rí ju átọ́ọ̀mù mélòó kan lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n sì máa ń lò kí wọ́n tó pòórá, nítorí náà kò tíì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án wò.